Louis Mahoney (1938–2020)

Ọmọ Gáńbíà ni Louis Mahoney, òṣèré tí àwọn òǹwòran tẹlifíṣàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ojú rẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Bathurst, tó ń jẹ́ Banjul lónìí, ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló bá dé Lọ́ńdọ̀nù, kó tó yà sídìí eré ní Central School of Speech and Drama. Ipa kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń fún un, kò sì fojú yẹpẹrẹ wo ọ̀kankan. Ní 1975, ó ṣe Dókítà Finn nínú eré apanilẹ́rìn-ín Fawlty Towers. Ẹ̀rù ba Basil, olú ẹ̀dá ìtàn eré náà, nígbà tó lajú rí dókítà aláwọ̀ dúdú, àmọ́ iyì Mahoney kò yẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló hàn nínú eré tẹlifíṣàn Doctor Who. Èyí tó wọni lára jù ni ti 2007, níbi tó ti ṣe Billy Shipton arúgbó lórí ibùsùn ikú: ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, síbẹ̀ odidi ìgbésí ayé èèyàn ló wà níbẹ̀. Nínú Equity, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, ó jà kíkankíkan fún àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú, ó sì tako ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa.