Tonkatsu: Bí Ọ̀bẹ Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Àlejò

Ẹni tí ó bá wọ ilé oúnjẹ kan nílùú Tokyo, irú èyí tí wọn kì í ta ohun mìíràn níbẹ̀ ju ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín lọ, kí ó tó jókòó tán ni etí rẹ̀ yóò ti gba ìró méjì: ìró epo tí ń hó nínú agbada, àti ìró ọ̀bẹ lórí pákó, ṣàkà, ṣàkà, ṣàkà, nígbà mẹ́fà tàbí méje, tí alásè fi ń gé ẹran gbígbóná náà kí ó tó tò ó sórí àwo. Àlejò kò ní rí ọ̀bẹ kankan níwájú ara rẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni yóò fi mú ẹran náà lékìrí lékìrí. Tonkatsu ni orúkọ oúnjẹ yìí. Lójú àwa tí a ń fi ọwọ́ jẹ iyán, tí ó jẹ́ pé ẹran ti bá ọ̀bẹ pàdé kí ó tó bọ́ sínú ìkòkò, kò sí ohun ìyanu nínú èyí; ṣùgbọ́n nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀bẹ náà fi rìn kí ó tó kúrò lọ́wọ́ àlejò tí ó bọ́ sọ́wọ́ alásè, ìrìn yẹn gan-an ni ìtàn tonkatsu.

Láyé àtijọ́, èèwọ̀ ni ẹran jíjẹ ń ṣe ní ilẹ̀ Jàpáànì. Ní ọdún 675, Ọba Tenmu, ẹni tí ẹ̀sìn Búdà ti wọ̀ lára, pàṣẹ pé láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹsàn-án, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ màlúù, ẹṣin, ajá, ọ̀bọ tàbí adìyẹ. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ẹlẹ́dẹ̀ kò sí nínú àwọn tí ọba dárúkọ. Síbẹ̀, bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, tí òfin kan ń gun òmíràn, ojú ẹ̀gàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin gbogbo. Ẹnu kò ṣe é dí pátápátá ṣá o: àwọn tí ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní ìkọ̀kọ̀ sọ ọ́ ní yamakujira, èyíinì ni àbùùbùtán orí òkè, kí ó lè dà bí ẹni pé ẹja ni wọ́n ń jẹ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń pe ejò ní okùn ilẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ní gúúsù, ní Satsuma tí ó di Kagoshima lónìí àti ní erékùṣù Okinawa, wọn kò fi ẹlẹ́dẹ̀ jíjẹ sílẹ̀ rí.

Àwọn ọkọ̀ ogun tí ọ̀gágun ojú omi Perry kó ti Amẹ́ríkà wá ní 1853 ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìjọba tuntun gorí oyè ní 1868, tí àwọn olórí rẹ̀ sì rí bí òyìnbó ti síngbọnlẹ̀ tó, wọ́n gbà pé ẹran àti wàrà ni ó fún wọn lágbára, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1872 pé Ọba Meiji fúnra rẹ̀ ti jẹ ẹran màlúù. Inú gbogbo ènìyàn kò dùn sí i. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn olùfọkànsìn kan tí ń gbààwẹ̀ lórí òkè gbìyànjú láti já wọ ààfin, wọ́n ní ẹran jíjẹ ń ba ilẹ̀ mímọ́ jẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kọjú ìjà sí wọn, àwọn mìíràn nínú wọn sì bá a lọ. Ẹ̀mí ènìyàn bọ́ nítorí ohun tí à ń fi ṣe oúnjẹ ọ̀sán lónìí!

Ní Ginza, ní àárín Tokyo, ni wọ́n ti dá ilé oúnjẹ Rengatei sílẹ̀ ní 1895, oúnjẹ òyìnbó ni wọ́n sì ń sè. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní côtelette, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ di cutlet, tí ahọ́n àwọn ará Jàpáànì sì yí padà sí katsuretsu: ẹran ọmọ màlúù pẹlẹbẹ tí a fi bọ́tà dín nínú páànù, tí a tún tì bọ inú ààrò. Ó pẹ́ kí ó tó jinná, bọ́tà rẹ̀ sì ń sú àwọn oníbàárà. Ìtàn ilé náà sọ pé ní 1899, Kida Motojiro, tí iná àti ìkòkò ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rọ́pò ti màlúù, ó sì jù ú sínú epo tó kún agbada, bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń dín tempura, bí àwa náà ti ń dín àkàrà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè: ohun ti Faransé ni, agbada ti ilé ni.

Ogun tí Jàpáànì bá Rọ́ṣíà jà, tí ó bẹ́ ní 1904, ni ó mú kábéèjì wá. Wọ́n kó àwọn alásè lọ sójú ogun, kò sì sí ọwọ́ tí yóò máa se ẹ̀fọ́ gbígbóná tí ń bá ẹran náà rìn tẹ́lẹ̀. Wọ́n bá rẹ́ kábéèjì tútù wẹ́wẹ́, wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ogun parí, àwọn alásè padà wálé, kábéèjì kò kúrò mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ àlejò. Àdúgbò Ueno, ní Tokyo kan náà, ni nǹkan ti yí padà. Oyè ẹni tó kọ́kọ́ ṣe tonkatsu pọ̀ ní ọmọ oyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n Shimada Shinjiro, tí ó ti ṣe alásè rí ní ààfin, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, 1929 sì ni ọdún tí wọ́n máa ń dá. Ẹran tí ó nípọn dáadáa ni ó lò, ó dín in jinná dé inú, ó gé e kí ó tó gbé e fún oníbàárà, ó sì fi ìrẹsì tì í. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ton ni ẹlẹ́dẹ̀ lédè wọn, katsu ni ohun tí ó kù lára katsuretsu lẹ́yìn tí wọ́n gé e ní ìrù, bí alásè ti gé ẹran fúnra rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Alásè yóò kọ́kọ́ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ já iṣan tó wà láàárín ẹran àti ọ̀rá, nítorí bí kò bá já a, iná yóò ká ẹran náà kò bí ewé gbígbẹ. Yóò wọ́n ìyẹ̀fun sí i, yóò rì í sínú ẹyin pípò, yóò wá tẹ́ ẹ sórí panko, èérún búrẹ́dì funfun tí wọ́n rẹ́ gbòòrò, tí kì í ṣe lílọ̀ kúnná. Lẹ́nu àwọn Potogí tí ó gúnlẹ̀ sí Jàpáànì ní 1543 ni wọ́n ti gba pan, orúkọ búrẹ́dì. Epo agbada náà sábà máa ń gbóná tó ìwọ̀n 170 ti Celsius, àwọn mìíràn a sì máa po ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ọn, iná wọn a sì lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹran bá jáde, wọn a gbé e dúró lórí wáyà kí ooru má baà rin èèpo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìgbà yìí ni a ń gbọ́ ṣàkà, ṣàkà.

Ohun méjì ni wọn yóò bi ọ́: rosu tó ní ọ̀rá létí, tàbí hire tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rá. Tèmi ni pé ẹni tó bá fi rosu sílẹ̀ ti fi adùn sílẹ̀. Ìrẹsì, ọbẹ̀ miso tí ẹ̀wà sóyà rẹ̀ ti bà bí irú, àti ewébẹ̀ oníyọ̀ ni yóò bá a wá. Ọ̀pọ̀ ilé a tún máa bu kábéèjì, ìrẹsì àti ọbẹ̀ kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Wọ́n lè gbé odó kékeré kan fún ọ pẹ̀lú yànmọtí yíyan, kí o fọwọ́ ara rẹ lọ̀ ọ́, kí o sì da ọbẹ̀ dúdú kíki lé e lórí, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Oliver ní Kobe kọ́kọ́ gbé jáde ní 1948 fún tonkatsu.

Láti ibẹ̀ ni ọmọ ti ń bí ọmọ. Ní Nagoya, ilé Yabaton tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 ń da miso pupa lé e. Àwọn mìíràn sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ẹyin sórí abọ́ ìrẹsì, wọ́n pè é ní katsudon, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jẹ kí wọ́n tó lọ ṣe ìdánwò, nítorí pé katsu bá ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ṣíṣẹ́gun dọ́gba lóhùn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ pé obì ní í bi ikú kò ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní Ueno kan náà, ilé Isen fi ẹran náà sáàárín búrẹ́dì ní 1935, ní kékeré, kí àwọn geisha àdúgbò, àwọn obìnrin tí ń fi orin àti ijó dá àlejò lára yá, lè jẹ ẹ́ láìba ọ̀dà ètè wọn jẹ́. Ilé yìí náà ni ó ń fọ́nnu pé ẹran òun rọ̀ débi pé igi ìjẹun lásán lè gé e, bí ẹni pé ọ̀bẹ alásè pàápàá ti fẹ́ di àléèbù.

Rengatei ṣì wà ní Ginza. Bí ènìyàn bá dé ibẹ̀ lónìí, tí ó bèèrè katsuretsu ẹlẹ́dẹ̀, odindi ni wọn yóò gbé e wá lórí àwo, kábéèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì lé àlejò lọ́wọ́.