Bí A Bá Rán Ni Níṣẹ́ Ẹrú: Ìtàn Simeon Adébọ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé

Ẹ dá bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dúró l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, kí ẹ bi í pé, "Bàbá, ta ni Adébọ̀?" Bí bàbá náà bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà èwe rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Yóò ní, "Owó Adébọ̀ lẹ ń wí?" Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ orúkọ náà nìyẹn: ẹ̀kúnwó oṣù tí ìjọba ológun san lẹ́yìn ogun abẹ́lé.

Ṣùgbọ́n kí owó tó dé, iṣẹ́ mìíràn wà tí ọkùnrin yìí ti ṣe, tí àwa ọmọ ìsinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi jẹ́ ẹnu Nàìjíríà láàárín gbogbo orílẹ̀-èdè ayé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún márùn-ún náà ni iná ń jó ilé tó rán an níṣẹ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó la ti kọ́ iṣẹ́ ikọ̀. Láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ìlàrí ni Aláàfin máa ń rán lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n á fá apá kan orí wọn, kí gbogbo ayé lè mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá na ìlàrí, Aláàfin ló nà. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe ní Vienna lọ́dún 1961 kò jìnnà sí èyí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ikọ̀, wọn kò gbọdọ̀ tú ẹrù ìwé rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ láìgba àṣẹ. Bí ìwà ẹni tó rán an tàbí ìwà tirẹ̀ bá bí onílé nínú, kí wọ́n ní kó máa lọ ni. Nàìjíríà ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ní oṣù kìíní 1961, nígbà tí Faransé ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà. A lé ikọ̀ wọn kúrò l'Ékòó. Òmìnira wa kò tíì pé oṣù mẹ́rin nígbà náà!

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Simeon Ọláòṣebìkan Adébọ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, 1913. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ kìíní ọdún 1914 ni Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Ọkùnrin tí yóò wá di ẹnu Nàìjíríà fi nǹkan bí oṣù mẹ́ta ju Nàìjíríà lọ. Nígbà tí wọ́n bí i, àwọn Ẹ̀gbá ṣì ní ìjọba tiwọn, Egba United Government, tí àdéhùn 1893 pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fara mọ́ òmìnira rẹ̀. Ọdún 1914 kan náà ni ìjọba yẹn parẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn ní Ìjẹmọ. Nítorí náà, Adébọ̀ kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí ìlú rẹ̀ fi yípadà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtumọ̀ orúkọ náà, Ọláòṣebìkan, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọlá kì í gbé ojú kan.

Kì í ṣe ọmọ olówó. Ó ka ìwé l'Abẹ́òkúta, ó kà á ní King's College l'Ékòó, lẹ́yìn náà ló wọ iṣẹ́ rélùwéè. Ìdí tábìlì rélùwéè yìí ló wà tó ń ka ìwé lálaalẹ́ títí ó fi gba oyè ìjìnlẹ̀ ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n láìjókòó ní kíláàsì wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló wá lọ sí Lọ́ńdọ̀n fúnra rẹ̀, tó sì di lọ́yà. Ó padà wálé, ó sì bá iṣẹ́ ìjọba lọ.

Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn n'Íbàdàn, a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955, a sì dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ lọ́dún 1959. Àwọn olóṣèlú la máa ń yìn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣírò owó? Ta ló ń kọ lẹ́tà? Àwọn bí Adébọ̀ ni. Ó di ọ̀gá àgbà ní ilé iṣẹ́ ìṣúná, nígbà tó sì di 1961, òun ni olórí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

Ọdún 1962 ni ilé dàrú. Wọ́n ń ju àga lu ara wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin n'Íbàdàn, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ti pín ilé sí méjì, ó pín ọ̀rẹ́, ó pín ìjọ. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Balewa rán Adébọ̀ lọ sí New York láti ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn ni, ó ti bá Awólọ́wọ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́. Síbẹ̀, àwọn tó wà l'Ékòó fi ẹnu wọn sí i lẹ́nu. Kí ni wọ́n rí? Mo rò pé ohun tí wọ́n rí ni pé akọ̀wé ìjọba ni, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Àwọn kan a máa sọ pé kí ni iṣẹ́ ikọ̀ bí kò ṣe kí á mu wáìnì, kí á rẹ́rìn-ín, kí á parọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ní New York, ikọ̀ kì í bá ìjọba kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Gbogbo ayé ló wà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀, Akọ̀wé Àgbà ló ń gbé e fún, U Thant ọmọ Burma nígbà náà. Òwúrọ̀, ó ń bá àwọn ará Áfíríkà ṣèpàdé kí ohùn wọn lè ṣọ̀kan. Ọ̀sán, ó ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan nínú ìwé ìpinnu. Òru, ó ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sílé. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yẹn kì í ṣe eré. Ó lè gba ogun láàyè, ó sì lè dá a dúró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1966, Nàìjíríà jókòó sí Ìgbìmọ̀ Aláàbò fún ọdún méjì. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun pa Balewa, Akíntọ́lá, Ahmadu Bello àti Okotie-Eboh. Ironsi gorí oyè. Ọjọ́ 29 oṣù keje, wọ́n pa Ironsi pẹ̀lú Fájuyì tó gbà á lálejò n'Íbàdàn. Gowon gorí oyè. Láàárín oṣù mẹ́jọ, ọ̀gá mẹ́ta ló ń rán ẹnu kan ṣoṣo níṣẹ́. Ẹ fi ara yín sípò ọkùnrin yìí. Lówùúrọ̀, ó ka nínú ìwé ìròyìn New York pé wọ́n ń pa àwọn Íbò ní Àríwá. Lọ́sàn-án, ó ní láti jókòó sídìí tábìlì, kó máa sọ fún àwọn òyìnbó pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ ènìyàn dúdú wọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ródéṣíà ló gbóná jù nígbà náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 1965 ni Ian Smith àti àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ gba ìjọba mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin 1966, ọkọ̀ epo kan tí ń jẹ́ Joanna V dé èbúté Beira ní Mòsáḿbíìkì, epo Ródéṣíà sì ni wọ́n fura pé ó gbé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá tọrọ àṣẹ láti fi agbára dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà. Nàìjíríà, Mali àti Uganda ní ìyẹn ò tó, kí wọ́n fi agbára lé Smith fúnra rẹ̀ lọ. Wọn ò rí ìbò tó pọ̀ tó. Kí ni kí Nàìjíríà wá ṣe? Ṣé kó bínú jáde ni? Rárá o. Ó dìbò fún ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀, ìpinnu náà sì wọlé pẹ̀lú ìbò 10, marùn-ún kò dìbò. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún náà, Ìgbìmọ̀ Aláàbò fi òfin de òwò pẹ̀lú Ródéṣíà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àjọ náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní tipátipá láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ọ̀nà jìn, nítorí 1980 ni Zimbabwe tó gbòmìnira. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 1967, Ojukwu kéde Biafra. Oṣù keje, ogun bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn fi iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà sílẹ̀, wọ́n lọ di ẹnu Biafra. Àwọn tó ti jọ ń jẹun di ẹni tó ń ta ko ara wọn níwájú àlejò. Nígbà ogun náà gan-an, ní oṣù kọkànlá, Nàìjíríà, Mali àti Índíà gbé àbá kan kalẹ̀ lórí bí Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá yóò ṣe parí ìjà wọn. Ẹ rí nǹkan! Ilé ẹni ń jó, a ń bá aládùúgbò pa iná.

Àwọn mìíràn yóò ní ìtìjú ni èyí, pé ó yẹ kí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀gá tó rán ikọ̀ lè kú lálẹ́ òní, kí òmíràn jí dé lọ́la. Bí ikọ̀ bá ń tẹ̀lé ọ̀gá jáde, ta ni yóò sọ tẹnu Nàìjíríà ní ọ̀tunla? Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kò dùn ún. Òjò tó pa ilé, ó pa ọmọ ilé.

Ìparí 1967 ni Adébọ̀ fi ipò náà sílẹ̀. Àjọ náà kò jẹ́ kó lọ jìnnà: lọ́dún 1968, ó di olórí UNITAR, ilé ẹ̀kọ́ àti ìwádìí wọn, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1972. Láàárín rẹ̀ ni Gowon pè é wálé pé kó wá wo owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí ogun ti sọ di aláìní. Báyìí ni "owó Adébọ̀" ṣe dé. Inú òṣìṣẹ́ dùn, àwọn ọlọ́jà náà sì gbé owó lé ọjà. Ọdún 1975 ló di alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì. Ó kú ní 1994.

Ilé ìkàwé kan wà ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ. Àwọn ọmọ máa ń jókòó síbẹ̀ láti múra ìdánwò. Bóyá ọ̀kan nínú wọn yóò di ikọ̀ lọ́jọ́ kan. Ìmọ̀ràn mi fún un kò pọ̀: kó mọ iṣẹ́ ẹ̀ dunjú, kó má fi ẹnu ẹgbẹ́ òṣèlú sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn fún àwa tó wà nílé ló pọ̀ jù. Ikọ̀ tó gbọ́n lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú fún ọdún márùn-ún. Ìgbà wo ni àwa náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níṣẹ́ ọmọ?