Bí Chad Bá Ti Bá Vichy Lọ ní 1940 Ńkọ́?

Alukoro ẹgbẹ́ yín ló ń kọ̀wé yìí. Òṣìṣẹ́ báńkì ni mí, ṣùgbọ́n ìtàn ogun ni mo fẹ́ fi ojú ìwé tèmi sọ. Àwọn kan nínú wa ní bàbá àgbà tó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Báwo ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí àyè kó wọn kúrò nílé lọ sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Apá kan ìdáhùn náà wà ní Chad.

Ẹ rántí bí àyíká wa ṣe rí láàárín ọdún 1940. Faransé ti túúbá fún Jámánì, ìjọba tuntun tí Pétain ń darí láti ìlú Vichy sì ti gba àdéhùn Hitler. Gbogbo ẹnubodè wa ló sì kan ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé: Dàhómì lápá ìwọ̀-oòrùn, Niger lókè, Chad àti Kamẹrúùnù lápá ìlà-oòrùn. Lásìkò yẹn gan-an ni wọ́n kó àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ sí Kenya láti bá Ítálì jà.

Ní Dakar, Pierre Boisson, tó jẹ́ olórí gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní Vichy lòun ń tẹ̀lé. Kì í ṣe ojo o. Ó ti pàdánù ẹsẹ̀ kan nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ní Chad, ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Félix Éboué ni gómìnà, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Cayenne, lápá gúúsù Amẹ́ríkà, ní 1884, ọmọ ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ó mọ irú ojú tí Hitler fi ń wo ẹni bíi tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú báńkì ni mo fi ń wo nǹkan, ẹ má bínú. Chad kò ní etíkun. Ọ̀pọ̀ ọjà tó ń wọ ibẹ̀ àtèyí tó ń jáde, Nàìjíríà ló ń gbà kọjá. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ẹnubodè pa, kí ni gómìnà yóò fi ṣe ìjọba? Ìgboyà Éboué kò ṣeé bù kù, síbẹ̀ ìṣirò náà tọ̀nà.

Bourdillon, gómìnà Nàìjíríà, ń gbà á níyànjú. Ní oṣù kẹjọ, àwọn ìránṣẹ́ de Gaulle dé sí Èkó, wọ́n sì pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Pleven wọ bàálù lọ sí Fort-Lamy, ìlú tí à ń pè ní N'Djamena lónìí. Leclerc forí lé Kamẹrúùnù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 1940, Éboué àti Ọ̀gágun Marchand kéde pé ti de Gaulle ni Chad. Lọ́jọ́ kejì, Leclerc àti ìwọ̀nba ènìyàn tó wọkọ̀ ojú omi lóru ti gba Douala. Nígbà tó di ọjọ́ 28, Brazzaville náà ti yí padà.

Bí Éboué bá ti kọ̀ ńkọ́? Òkun Mẹditaréníà ti há nítorí Ítálì. Nítorí náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi kó bàálù ogun nínú àpótí wá sí Takoradi, ní Gáńà òde òní, tí wọ́n ń tò ó pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í fò gba Èkó, Kano àti Maiduguri, kọjá lórí Chad bọ́ sí Sùdáànì, títí dé Cairo. Ó tó 3,700 máìlì. Oṣù kẹsàn-án 1940 làwọn àkọ́kọ́ gbéra, kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ìkéde Chad. Ká ní Chad jẹ́ ti Vichy, àárín ọ̀nà náà ì bá gé. Kí wọ́n gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà yí ká, tàbí kí wọ́n fi ipá gba Chad.

Ó dá mi lójú pé ipá ni wọn ì bá lò, àti pé ọmọ Nàìjíríà ni wọn ì bá rán. Kò sì ní rọrùn. Ní ọjọ́ 23 sí 25 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Gẹ̀ẹ́sì àti de Gaulle kó ọkọ̀ ogun lọ sí Dakar. Àwọn ènìyàn Boisson yìnbọn lù wọ́n títí wọ́n fi padà.

Ẹnìkan lè sọ pé Chad ì bá kàn jókòó jẹ́ẹ́ bíi Dàhómì, tí kò gbógun wá bá wa. Mi ò gbà. Ní 1941, Vichy jẹ́ kí bàálù Jámánì bà sí Síríà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 1942, bàálù Jámánì kan gba aṣálẹ̀ Líbíà wá ju bọ́ǹbù sí Fort-Lamy, ó sì dáná sun epo tí wọ́n tò jọ síbẹ̀. Jámánì mọ ohun tí ibẹ̀ tó. Bí wọ́n bá ti rí ààyè ní Fort-Lamy, Kano kì bá rójú, bóyá la ì bá sì rí ọmọ ogun kankan rán lọ sí Bọ́mà.

Àwọn ìbátan wa ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Pọ̀tónóvò kò rí yíyàn kankan yàn. Boisson ti bá wọn yàn án ní Dakar. Ó lé lọ́dún méjì tí ará Ìdìrókò àti ará òdìkejì ẹnubodè fi wà lábẹ́ àwọn olúwa tó ń ṣọ̀tá ara wọn, títí Boisson fi yí padà ní oṣù kọkànlá 1942, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ti gúnlẹ̀ sí àríwá Áfíríkà.

Éboué kú ní Cairo ní 1944. Ní 1949 wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Panthéon ní Paris, níbi tí Faransé ń sin àwọn akọni rẹ̀ sí. Àwọn ará Chad fúnra wọn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Àwọn ọmọ ogun tó ti Chad tẹ̀lé Leclerc lọ gba Kufra lọ́wọ́ Ítálì ní oṣù kẹta 1941, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọdún 1946 ni Faransé tó ṣòfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe, ní Chad tó bá de Gaulle lọ àti ní Dàhómì tí wọ́n so mọ́ Vichy.