Ẹ̀bi olùpèsè íntánẹ́ẹ̀tì lórí ìwà oníbàárà

Ọ̀ràn òfin lórí bóyá ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì yóò pín nínú ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń lò ó. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà fún ọdún 2, kí wọ́n sì ran agbófinró lọ́wọ́. Ti onísàíbákafé tún le jù bẹ́ẹ̀. Ì báà jẹ́ l'Ékòó tàbí l'Ókìtìpupa, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé tí oníbàárà ń forúkọ sí. Bó bá lọ́wọ́ nínú jìbìtì tí wọ́n lù níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni, tàbí mílíọ̀nù 2 náírà, tàbí méjèèjì. Olùpẹjọ́ ni yóò sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 2015, wọ́n jí Olóyè Olú Fálaè, mínísítà ìṣúná tẹ́lẹ̀rí, gbé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìròyìn sì sọ pé àwọn ajínigbé náà lo síìmù MTN. Ní oṣù kẹwàá, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, bu ìtanràn tírílíọ̀nù 1.04 náírà lé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù MTN nítorí síìmù mílíọ̀nù 5.2 tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ tó péye, tí wọn kò gé. Àìgbọràn ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n fìyà jẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ajínigbé wà lọ́tọ̀. Ní 2016, wọ́n dín owó náà kù sí bílíọ̀nù 330.