Láti Orí Àpáta Ìdáàṣà Dé Bọ́tìnì Ọkọ̀

Igbó Ìdáàṣà tiwa, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, ni ìlú òkè 41. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dànhòmẹ̀ ń kó èèyàn lẹ́rú, orí òkè ni àwọn baba wa sá sí. Wọ́n mọ̀ pé ìrìn orí àpáta yàtọ̀ sí ìrìn ọ̀nà oko.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń ṣe ìyàtọ̀ yẹn: jíà kékeré fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lójò. Ní 2004, Ferrari fi bọ́tìnì kan tí à ń yí sára síárìn F430: ti yìnyín, ti ọ̀nà tó ń yọ̀, ti eré, ti ìje. Ti ìje ń mú kí jíà yára wọlé. Ti ọ̀nà tó ń yọ̀ ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù kí táyà má baà yí lásán. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti ní irú rẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n ní oríta wa, níbi tí ọ̀nà Parakou àti ti Savalou ti pínyà, bọ́tìnì kò lè sọ táyà tó ti jẹ di tuntun. Àwọn baba wa kì í sáré lórí àpáta tútù. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.