Àwàdà Orí Ọpọ́n Kì í Ṣe Èébú, Kì í sì Í Ṣe Ẹnà

Ẹni tó bá ń kọjá níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń ta dame, ìyẹn ayò dráfù, ní Kumasi nílẹ̀ Gáná, ì báà jẹ́ láàárín àwọn mẹkáníìkì Suame Magazine, ì báà jẹ́ ní gáréèjì ọkọ̀, ariwo ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ọpọ́n. Ọ̀kan nínú wọn á sọ gbólóhùn kan péré, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Àlejò tó gbọ́ èdè Twi dáadáa lè dúró tì wọ́n kó má mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èrò méjì ló gbilẹ̀ nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní èébú àwọn aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn mìíràn ní ẹnà ni, pé ńṣe ni wọ́n fi ń bo àṣírí. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Ìtàn ẹgbẹ́ ni àwàdà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì pè é ní èébú tàbí ẹnà ti sọ ìtàn náà nù.

Àṣìṣe yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1817, lásìkò Osei Bonsu tó jẹ́ Asantehene, ìyẹn ọba Asante, T. E. Bowdich tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì dé Kumasi. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1819, ó sọ pé òun kò lóye oware, eré tó jọ ayò ọlọ́pọ́n wa, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé dame: ó ní wọ́n mọ̀ ọ́n ta dáadáa, wọ́n sì ń jẹ síwájú, wọ́n ń jẹ sẹ́yìn. Nígbà tí R. S. Rattray gbé ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àti iṣẹ́ ọnà Asante jáde ní 1927, onímọ̀ ìṣirò kan, G. T. Bennett, ló kọ orí tó dá lórí oware níbẹ̀. Bí eré ṣe ń lọ ni irú ìwé báyìí ń tẹjú mọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn aláyò ń bá ara wọn sọ kì í sábà rí àyè níbẹ̀, àwa tó ń ka ìwé náà sì wá ń rò pé ariwo lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti èébú. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpè ni ẹni tí wọ́n ń pa. Ọmọdé tó bá pa àgbà láyò lè pè é ní òpè, kí àgbà náà sì rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti dìde kúrò nídìí ọpọ́n, ọmọ náà á padà dọ̀bálẹ̀ kí i. Bí àgbà bá sì pa á nínú ayò tó tẹ̀ lé e, orí ọmọ ni orúkọ òpè yóò bọ́ sí. Èébú gidi kì í mọ ìgbà, kì í mọ ibi. Ti orí ọpọ́n mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ ibi tó yẹ kó parí sí.

Ti ẹnà ńkọ́? Ẹnà ní òfin. Wọ́n á ki ìró kan bọ àárín ọ̀rọ̀ léraléra, ẹni tó bá sì ti mọ ìró náà lè tú gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Àwàdà ẹgbẹ́ kò ní irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè hàn kedere sí gbogbo ayé, síbẹ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ròyìn rẹ̀ fún, kò lè rí i mú.

Onímọ̀ tó là á yé wa jù ni Gary Alan Fine, ará Amẹ́ríkà. Ní 1979, ó kọ̀wé lórí àwọn ẹgbẹ́ ọmọdé tó ń gbá baseball, ó sì fi hàn pé ẹgbẹ́ kékeré kọ̀ọ̀kan ló ní àṣà tirẹ̀, tí kì í ṣe ti ìlú tàbí ti èdè rẹ̀. Ní 1983 ó tẹ Shared Fantasy jáde, lórí àwọn tó ń ṣe irú eré bíi Dungeons & Dragons, èyí tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974. Nínú eré náà, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan á di ẹ̀dá inú ìtàn kan, jagunjagun tàbí oṣó, ẹnìkan á máa darí ìtàn, wọ́n á sì máa da dáìsì láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ìtàn kan lè gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ oṣù. Kò yani lẹ́nu pé àwàdà pọ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá wá rò pé àwọn ló dá a sílẹ̀ kò tíì jókòó nídìí ayò rí.

Fine ní ohun márùn-ún ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dúró nínú ẹgbẹ́. Ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní òjò ṣú lọ́jọ́ kan, ẹni tí wọ́n ń pa lọ nídìí dame dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ká aṣọ òun, kò sì padà wá. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ méjì péré ló kù fún ẹlòmíràn lórí ọpọ́n. Ẹnìkan gbójú sókè, oòrùn ń ràn yòò, ó ní: "Ó dà bí ẹni pé òjò ń bọ̀ o." Ohun kìíní, gbogbo wọn mọ ohun tó ń tọ́ka sí. Ìkejì, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, wọ́n lè sọ ọ́ níṣojú ẹnikẹ́ni. Ìkẹta, ó wúlò: ó ń kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń pa kó má sá, láìsí ìjà. Ìkẹrin, kò tàbùkù ẹni tí ẹgbẹ́ bọ̀wọ̀ fún kọjá ààlà. Ìkarùn-ún, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ló bí i. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ìṣẹ̀lẹ̀ àná ló ń sọ gbólóhùn yìí di odidi.

Òótọ́ ni pé àwàdà máa ń dunni nígbà mìíràn. Ìlànà kẹrin Fine ti dáhùn ìyẹn: èyí tó bá tẹ ipò ẹni mọ́lẹ̀ jù kì í sábà pẹ́ lẹ́nu ẹgbẹ́. Bó bá sì wá pẹ́, ẹgbẹ́ ló ní àìsàn, kì í ṣe àwàdà.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù wà láàárín àwọn Yorùbá tó gbé Kumasi. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ìnísà àti Ọ̀fà. Ọpọ́n oware àti ọpọ́n ayò kò yàtọ̀: ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá jókòó ti Asante kò ní pẹ́ mọ òfin. Àwàdà ibẹ̀ nìkan ni yóò fi ìjókòó kọ́, nítorí òfin eré a máa ti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ni àwàdà ló ń gbé.

Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia, tó wà lórí àlééfà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹ́ àwọn aláyò tú ká. Ọpọ́n ṣì wà ní Kumasi, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àmọ́ àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gba àwàdà wọn sílẹ̀ kó má kàn béèrè ìtumọ̀. Kó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti àwọn tó wà níbẹ̀. Kó sì tètè béèrè.