Ọ́tísìmù, Ọ̀fà àti Àwọn Ọdún tó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ọ̀fà àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ló gbà pé àìsàn òyìnbó ni ọ́tísìmù, pé ọ̀làjú ló gbé e dé. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí ẹjọ́ tiwọn yàtọ̀: wọ́n ní ohun tí àwọn baba wa gbà gbọ́ nípa àbíkú àti àjẹ́ ni kò jẹ́ kí a tètè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Mo ti yẹ ìtàn ìmọ̀ yìí wò láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì rí i pé èrò méjèèjì ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìlú ńlá ni ìmọ̀ náà gbà wọlé sí Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ńlá ló jókòó sí, kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ojú ti kọ́kọ́ ń rí ọmọ: ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ibẹ̀ ni ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ìrànlọ́wọ́ ì bá tètè bá.

Ní 1943 ni Leo Kanner, dókítà ọpọlọ tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3, tí wọn kì í fẹ́ bá ènìyàn ṣe, tí wọ́n sì máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà lánàá, ohun tí a ń pè ní ọ́tísìmù lónìí. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òbí wọn ló kàwé gan-an. Àkíyèsí yẹn ṣe ìbàjẹ́ tó pọ̀. Àwọn kan mú un pé àìsàn olówó ni, àwọn mìíràn sì ní àìnífẹ̀ẹ́ ìyá ló fà á. Ní 1964, Bernard Rimland, tí òun fúnra rẹ̀ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ti kọ ìwé láti fi hàn pé inú ọpọlọ ni ọ̀ràn náà wà. Síbẹ̀, ní 1967, Bruno Bettelheim ṣì ń di ẹ̀bi ru àwọn ìyá. Àwọn tó ń dá òbí lẹ́bi wọ̀nyí ò bi ara wọn ní ìbéèrè kan tó rọrùn: ní ayé ìgbà náà, ta ló lówó, tó sì láyà, láti gbé ọmọ lọ bá dókítà ńlá ní Baltimore? Ẹni tó dé iwájú Kanner nìkan ni Kanner lè kà.

Irú àṣìṣe kan náà ni wọ́n ṣe sí ilẹ̀ Áfíríkà. Victor Lotter, tó ti ṣe ìwádìí iye ọmọ tó ní ọ́tísìmù ní Middlesex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì rí bíi mẹ́rin sí márùn-ún nínú ọmọ 10,000, wá sí Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi tó dé. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1978, àwọn ọmọ tó yẹ̀ wò lé ní 1,300, mẹ́sàn-án péré ló sì sọ pé ó ní ọ́tísìmù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mẹ́sàn-án yìí ṣe ẹ̀rí pé kò wọ́pọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú. Àmọ́ inú àwọn ilé ìtọ́jú tó wà ní ìlú ńlá ni Lotter ti wá wọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń gbin ànàmọ́ lẹ́yìn odi Ọ̀fà kò sí nínú ilé ìtọ́jú kankan. Ó wà lóko tàbí lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń pè é ní odi, tàbí aláìgbọ́ràn.

Ọ̀fà kì í ṣe ìlú tí kò mọyì ẹ̀kọ́. Lábẹ́ ìjọba Àríwá ló wà nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, nítorí náà àǹfààní tí àwọn ará Òṣogbo tí wọn ò jìnnà sí wọn ń jẹ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rárá nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú, Offa Descendants' Union, ti dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943, ọdún kan náà tí Kanner kọ ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò sì ní bù ú kù. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, níbikíbi tó bá wà, ọmọ tó lè dáhùn ìbéèrè lórí ìwé ni wọ́n kọ́ ọ fún. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá gbé ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè jáde ní 1977, tó dárúkọ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà nínú rẹ̀, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ títí dòní, afọ́jú, adití àti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò jí dáadáa ni ojú ètò náà kọ́kọ́ wà lára. Ọmọ tó ríran, tó gbọ́ràn, tó ń sáré, àmọ́ tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kò ní kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ẹjọ́ àwọn tó ń dá ìgbàgbọ́ wa lẹ́bi wò. Òótọ́ kan wà níbẹ̀. Àwọn ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn wà tí wọ́n ti ń so ènìyàn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àjọ Human Rights Watch tú àṣírí èyí ní Nàìjíríà ní 2019, ìwà ìkà sì ni. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà ló ní ẹni òrìṣà ni abuké, arọ àti àfín, pé Ọbàtálá ló ni wọ́n, èèwọ̀ sì ni láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí dókítà ọpọlọ, Adéoyè Lámbò, bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Aro, Abẹ́òkúta, ní 1954, tó ń fi aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, tó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, àwọn ènìyàn ò sá fún ìtọ́jú. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gan-an ni ó yẹ ká wò. Ní 2008, Muideen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé tó ní ìbéèrè 19 láti fi díwọ̀n ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fúnra wọn mọ̀ nípa ọ́tísìmù. Àlàfo tó wà nínú ìmọ̀ wọn kò kéré. Lẹ́yìn náà ni òun àti Kerim Munir kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń dé ilé ìwòsàn ní Áfíríkà ni kò lè sọ̀rọ̀ rárá, wọ́n sì fura pé pípẹ́ tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Bí ìyá bá gbé ọmọ ọdún méjì wá, tí nọ́ọ̀sì ní kó lọ fọkàn balẹ̀ nítorí pé bàbá ọmọ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀bi àbíkú kọ́ nìyẹn.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ tí wọ́n bá tètè rí? Ní 1964, Montrose Wolf, Todd Risley àti Hayden Mees kọ̀wé nípa ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀ kan tó ní ọ́tísìmù, tí wọ́n pè ní Dicky. Àwọn dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ sójú rẹ̀, bí kò bá sì lo awò ojú, ojú náà lè fọ́. Kò gbà kí ohunkóhun kan orí òun. Wọ́n kó férémù awò tí kò ní gíláàsì kalẹ̀ sínú yàrá. Bó bá fọwọ́ mú un, oúnjẹ díẹ̀. Nígbà tó mọ́ ọn lára, ó di pé kó gbé e sún mọ́ ojú kó tó rí oúnjẹ, lẹ́yìn náà kó gbé e wọ̀. Nígbà tó yá, Dicky ń lo awò bí wákàtí 12 lóòjọ́. Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ ìhùwàsí nìyí: kí a gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, kí èrè sì tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Ní 1987, Ivar Lovaas ní Los Angeles sọ pé nínú ọmọ 19 tí wọ́n fi bíi wákàtí 40 kọ́ lọ́sẹ̀, mẹ́sàn-án ló wọ kíláàsì àwọn ẹgbẹ́ wọn láìní ìrànlọ́wọ́.

Àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Lovaas, wọn ò sì jẹ̀bi. Ní nǹkan bí 1965 ó ń gbá ọmọ létí, ó sì ń lo iná mànàmáná láti fi jẹ wọ́n níyà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe bí ẹni ṣẹ́ kèké ló fi pín àwọn ọmọ inú ìwádìí 1987. Àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù náà ti jẹ́rìí pé wọ́n fi ipá kọ́ àwọn láti máa ṣe bí ẹlòmíràn. Lójú tèmi, ìyà kò ní àyè kankan nínú ẹ̀kọ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ tó bá sì ń lo pàṣán lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀fà ń ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ torí èyí da gbogbo rẹ̀ nù. Ìlànà tí Sally Rogers àti Geraldine Dawson dán wò lára ọmọ 48, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2010, inú eré ló ti ń kọ́ ọmọ, ó sì ran òye àti èdè wọn lọ́wọ́.

Àtakò tó le jù ni ti owó. Òbí wo ní Ọ̀fà ló lè sanwó wákàtí 40 lọ́sẹ̀? Kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní Goa ní Íńdíà àti Rawalpindi ní Pakistan, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe onímọ̀ àkànṣe, àwọn wọ̀nyí sì ń kọ́ òbí bí a ṣe ń dá ọmọ lóhùn. Èsì tó jáde ní 2016, lórí ọmọ 65, fi hàn pé ìdáhùn òbí sí ọmọ sàn púpọ̀, àwọn ọmọ náà sì túbọ̀ ń fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú òbí wọn. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ọ̀fà.

Àmì tí wọn yóò máa wá kò ṣàjèjì sí ìyá Yorùbá. Ní 1994, Julie Osterling àti Geraldine Dawson wo fídíò ọjọ́ ìbí ọdún kìíní àwọn ọmọ 22, tí ìdajì wọn wá ní ọ́tísìmù. Ohun tó fi wọ́n hàn ni pé wọn kì í sábà wo ojú ènìyàn, wọn kì í nàka sí nǹkan, wọn kì í sì yíjú bí a bá pè wọ́n lórúkọ. Ẹnì kan lè ní ọmọ Yorùbá kì í wo àgbà lójú. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ọmọ tó ti lóye nìyẹn. Ọmọ ọwọ́ a máa wo ojú ìyá rẹ̀ bó ṣe ń mu ọmú. Àràárọ̀ ni ìyá ń fi oríkì pe ọmọ, Àkànní, Àbẹ̀kẹ́, tó sì ń retí kí ó yíjú kó rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ìyá àgbà ní Ọ̀fà, bí ọmọ yín bá ti pé ọdún kan tí kì í yíjú sí oríkì rẹ̀, tàbí tó pé ọdún kan àbọ̀ tí kì í nàka sí ohun tó fẹ́, tàbí tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ẹ má dúró de ọdún tí ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí ẹ sì gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ máa lọ sílé, ẹ tún padà wá.